Gbèsè Wo Ni Ẹni Tó Yá Eré Ẹlòmíràn Jẹ?

Àwọn àgbà Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ gbóríyìn fún ohun àyálò. Wọ́n ní, "Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Aránṣọ ni ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà mo ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ṣùgbọ́n ojú mi náà ni mo fi ń rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó aṣọ òkìrìkà wá bá a láti ọjà. Yóò tú u, yóò gé e, yóò rán an padà, ẹni tó ni ín yóò sì wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó láìsí ẹni tí yóò béèrè ibi tó ti wá. Òwe kò parọ́, ìyá mi náà kò sì parọ́. Ohun tó wà láàrin àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe lórí aṣọ, bí kò ṣe lórí eré orí ìtàgé.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí òǹkọ̀wé kan bá mú eré tí ẹlòmíràn kọ ní ilẹ̀ òkèèrè, tó yí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà, tó mú wọn wá sí ìlú wa, tó sì fi ọ̀rọ̀ wa sí wọn lẹ́nu, ṣé olè ni àbí ajogún? Bí kì í bá ṣe olè, kí ni ó jẹ ẹni tó kọ́kọ́ kọ eré náà? Kí sì ni ó jẹ àwa tí a jókòó tí a ń wò ó?

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wa ló parí sí. Ní ọdún 1836, ní St. Petersburg tí í ṣe olú-ìlú Rọ́ṣíà nígbà náà, wọ́n ṣe eré kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan kọ. Nikolai Gogol ni orúkọ rẹ̀. Àkọlé eré náà ni Revizor, ìyẹn alábẹ̀wò ìjọba. Ọba Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀, Nicholas Kìn-ín-ní, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Ìtàn eré náà kò le. Olórí ìlú kékeré kan gbọ́ pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti olú-ìlú, yóò sì wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun mọ̀. Àyà àwọn aláṣẹ já, nítorí kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wọn. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ìwòsàn gbà pé bí aláìsàn yóò bá kú, yóò kú, bí yóò bá yè, yóò yè, kí wá ni ti oògùn olówó gọbọi? Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ń já lẹ́tà onílẹ́tà kà. Bí wọ́n ti ń sá sókè sá sódò ni wọ́n gbọ́ pé àjèjì kan wà ní ilé ìtura, tó ti ń jẹ tó ń mu láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n ní òun nìyẹn! Akọ̀wé lásán ni ọmọkùnrin yìí, ọ̀tatẹ́tẹ́ tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó owó fún un, olórí ìlú gbà láti fi ọmọ rẹ̀ fún un fẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n já lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ojú wọn tó là. Ibi tí wọ́n ti ń bú ara wọn ni ìròyìn ti dé pé alábẹ̀wò gidi ti wọ̀lú.

Ní 1978, ọmọ Ìjẹ̀bú kan gbé eré yìí wá sílé. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni, tí wọ́n bí ní Èrúnwọ̀n nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1946. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Who's Afraid of Solarin? Olórí ìlú ti Gogol di alága ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn káńsẹ́lọ̀ yí i ká, pásítọ̀ wà níbẹ̀, babaláwo wà níbẹ̀, gbájú-ẹ̀ tí wọ́n ń bọ bí òrìṣà sì ń jẹ́ Ìṣọ̀lá. Nígbà tó yá, Dọ̀tun Ògúndèjì túmọ̀ eré Ọ̀ṣọ́fisan sí Yorùbá, ó sì sọ ọ́ ní Yéèpà! Ṣólàárín Ń Bọ̀! Báyìí ni eré tó jáde láti Rọ́ṣíà ṣe gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, tó wá ń fọ Yorùbá lẹ́nu wa.

Àwọn kan wà tí èyí kò dùn mọ́ nínú. Mo ti gbọ́ olùkọ́ kan tó sọ pé ìtìjú ni. Ó ní ìlú tó ní Ìwì, tó ní Agẹmọ, tó ní alálọ̀ọ́ káàkiri, kí ló kàn án pẹ̀lú eré àwọn tó ń gbé inú yìnyín? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwà ọ̀lẹ wà nínú àyálò nígbà mìíràn. Ẹni tó bá yí Ivan sí Àyìndé nìkan, tó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kò ṣe ju ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ẹlòmíràn lọ.

Síbẹ̀, mo fẹ́ dá olùkọ́ náà lóhùn. Àkọ́kọ́, kì í ṣe àìní ló gbé wa dé ìdí àyálò. Ọ̀sọ̀sà níhìn-ín ni Hubert Ògúndé ti wá, ẹni tó kọ Yorùbá Ronú ní 1964 láti inú ọ̀ràn ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tó ní oko tirẹ̀ lè ra iṣu lọ́jà láìjẹ́ pé ebi ń pa á. Èkejì, Gogol tí a ní wọ́n yá eré rẹ̀, òun náà yá a ni. Ní 1835 ó kọ lẹ́tà sí akéwì ńlá Aleksandr Pushkin, ó ní kó fún òun ní ìtàn kan tí òun lè fi kọ eré apanilẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ Pushkin ni ìtàn àjèjì tí wọ́n ṣì mú fún alábẹ̀wò ti wá. Bí a bá ní kí gbogbo ẹni tó yá ìtàn dá a padà, a ó rìn títí ni, a kò ní bá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Nítorí náà, yíyá kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí a béèrè bí ènìyàn ṣe ń yá ohun ọlọ́hun lọ́nà ẹ̀tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kékeré kan ṣàlàyé. Adájọ́ kan wà nínú eré Gogol tó gbà ní gbangba pé òun ń gba rìbá, ṣùgbọ́n tó ní ti òun yàtọ̀. Owó kọ́ ni òun ń gbà, ọmọ ajá ọdẹ ni, èyí tí àwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà fẹ́ràn púpọ̀. Àwọn òǹwòran St. Petersburg rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ohun tí irú ajá bẹ́ẹ̀ tó lówó, wọ́n sì mọ adájọ́ tó ń gbà á. Wàyí o, bí ògbufọ̀ kan bá gbé gbólóhùn yìí wá sí Ìjẹ̀bú-Òde gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ tó ń kó ọmọ ajá jọ ni wọn yóò máa rín. Wọn yóò rò pé orí rẹ̀ kò pé. Kò sí ẹni tí yóò wo ẹni tó jókòó tì í.

Ká ní èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀, mo lè jẹ́ kí adájọ́ náà búra pé òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, tí regberegbe rẹ̀ sì ti mú aṣọ, bí ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀ bá bá a san owó aṣọ náà, ṣé rìbá nìyẹn? Ẹ̀bùn ọdún ni! Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí regberegbe ṣe ń tò lọ síwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti délé. Mo ti pa ajá Gogol rẹ́, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tí mo dá sí. Ṣùgbọ́n mo pa irọ́ tí adájọ́ náà ń pa fún ara rẹ̀ mọ́, irọ́ yẹn gan-an sì ni Gogol fẹ́ kí a rí. Èwo nínú àwa ògbufọ̀ méjèèjì ló ṣe olóòótọ́ sí i?

Ibí ni mo ti rí ìdáhùn mi. Gbèsè tí a jẹ ẹni tó ni eré kì í ṣe kí a máa tún ẹnu rẹ̀ sọ. Ó tó kí a dárúkọ rẹ̀ láìfi pamọ́, kí a sì rí i pé ibi tó ti dun àwọn tó kọ́kọ́ wò ó ni yóò ti dun àwa náà. Bí kò bá dun wá, a kò tí ì túmọ̀ rẹ̀, kódà bí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pé.

Ọ̀ṣọ́fisan mọ èyí. Ẹ wo ohun tó ṣe sí alábẹ̀wò náà. Nínú eré Gogol, alábẹ̀wò gidi kò ní orúkọ, a kò sì rí ojú rẹ̀. Gogol fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín ni ẹni rere kan ṣoṣo tó wà nínú eré òun. Ẹ̀rù agbára ọba ló ń ba àwọn aláṣẹ yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù òdodo. Ta ló tilẹ̀ mọ̀ bóyá alábẹ̀wò gidi náà kò ní gba tirẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọ̀ṣọ́fisan dárúkọ jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ ilé rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí Táí Ṣólàárín ní 1922. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Ṣòkòtò péńpé ni aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun dá àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sílẹ̀ ní 1975, òun ni wọ́n fi ṣe kọmíṣánnà rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn inú eré bá kígbe pé Ṣólàárín ń bọ̀, òǹwòran 1978 kò nílò àlàyé. Ó mọ ṣòkòtò náà, ó mọ ojú náà, ó sì mọ̀ pé ẹni yìí kò ní gba owó aṣọ.

Ṣé Ọ̀ṣọ́fisan dalẹ̀ Gogol níbí? Àwọn kan lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi ẹni rere sínú eré tí kò ní ẹni rere. Lójú tèmi, ó fi nǹkan kún ìbéèrè náà ni. Gogol ń béèrè pé, kí ló dé tí gbogbo yín bàjẹ́? Ọ̀ṣọ́fisan ń béèrè pé, nígbà tí ẹnì kan láàrin yín lè ṣe é láìbàjẹ́, àwáwí wo ló kù fún ẹ̀yin ìyókù? Ìbéèrè kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Gbèsè mìíràn tún wà tí ayánilò máa ń fẹ́ sá fún: kò gbọdọ̀ fi aṣọ àyálò bo ará ilé rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé, "Àwọn ará Rọ́ṣíà ni, kì í ṣe àwa." Ọ̀nà tí Ọ̀ṣọ́fisan gbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2004, wọ́n ṣe eré rẹ̀ mìíràn, Women of Owu, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ara eré Euripides, ará Gíríìkì àtijọ́, lórí àwọn obìnrin ìlú Troy ló ti mú un, ó sì sọ Troy di Òwu tí ogun pa run ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ta ló pa Òwu run? Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ifẹ̀, ti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé, àti ti Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló jókòó tó kọ ẹkún àwọn obìnrin tí àwọn baba ńlá rẹ̀ sọ di opó. Ó lè mú ìlú mìíràn tí ọwọ́ wa kò sí nínú ìparun rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa ara mi, nítorí n kò bá má kọ àròkọ yìí bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà ní SS2. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Wọ́n sọ fún wa pé àwọn alábẹ̀wò láti ìlú ńlá ń bọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, a kun ògiri, a roko, a sì lọ yá maikirosikóòpù mẹ́rin àti ìgò oògùn sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Èmi gan-an wà nínú àwọn tó fi orí rù wọ́n dé. Nígbà tí àwọn àlejò wọ yàrá sáyẹ́ǹsì, obìnrin kan nínú wọn fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ṣé ẹ máa ń lo ìwọ̀nyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." N kò fi ojú mi kan maikirosikóòpù rí kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé. Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a tún fi orí ru ẹrù náà padà.

Sáà yẹn kan náà ni a ṣe Yéèpà! Ṣólàárín Ń Bọ̀! fún àwọn òbí wa. Káńsẹ́lọ̀ ni mo ṣe. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín, títí a fi dé ibi tí ìbẹ̀rù-bojo ti mú àwa aláṣẹ, tí a ń sáré kiri orí ìtàgé tí a kò mọ ohun tí a ó ṣe. Ọmọ JSS1 kan bá lọgun láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé, "Ẹ lọ yá maikirosikóòpù!"

Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn olùkọ́ kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn òbí tí kò mọ ìdí rẹ̀ ń bi ara wọn léèrè. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà kú. Mo dúró sójú kan pẹ̀lú agbádá àyálò lọ́rùn mi, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ. Kò sí maikirosikóòpù nínú ìwé Gogol. Kò sí nínú ti Ọ̀ṣọ́fisan tàbí ti Ògúndèjì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló fi í síbẹ̀, òun ló sì parí iṣẹ́ ìtumọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 1836. Títí di ìgbà náà, mo rò pé àwọn aláṣẹ kan níbì kan ni eré wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò mọ̀ pé èmi náà wà nínú rẹ̀, pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" tí mo sọ wà níbẹ̀.

Ìyá mi bi mí nílé pé kí ló fa ẹ̀rín yẹn. Mo sọ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Ìwọ lo rù ú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ náà lo dá obìnrin yẹn lóhùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé ọmọdé ni mí, àṣẹ ni mo tẹ̀ lé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ inú eré náà tí kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Táí Ṣólàárín kú ní 1994. Yunifásítì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjagun, lẹ́bàá ìlú wa, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 2005, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ mọ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni. Lójú wọn, igbe "Ṣólàárín ń bọ̀!" ti di ohun tó nílò àlàyé, bí ọmọ ajá adájọ́ yẹn. Eré tó bá wa mu rẹ́múrẹ́mú ní 1978 ti ń ṣo lára àwọn àbúrò wa. Aṣọ tí a rán fún bàbá, wọ́n ní láti tún un rán kí ọmọ tó lè wọ̀ ọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa. Bí ẹ bá ń kọ́ wa ní eré yìí tàbí èyíkéyìí tó ti òkèèrè wá, ẹ má ṣe parí rẹ̀ sí ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́ àti ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa. Ẹ bi wá pé, "Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ lọ́la tí kò ṣeé fi owó tàbí irọ́ tàn, kí ni ẹ ó sáré lọ gbé pamọ́? Kí ni ẹ ó sáré lọ yá?" Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a dáhùn láìfi ìyà jẹ wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdáhùn náà ni ìtumọ̀ tí ó kù tí kò sí òǹkọ̀wé tó lè bá wa ṣe.

Ìyá mi ṣì ń tún aṣọ òkìrìkà ṣe. Mo bi í láìpẹ́ yìí bóyá òwe ṣòkòtò àgbàwọ̀ kò bá iṣẹ́ òun wí. Ó ní kò bá a wí rárá. Ó ní ẹni tí òwe náà ń bá wí ni ẹni tó wọ ṣòkòtò ẹlòmíràn jáde láìkọ́kọ́ dúró kí aránṣọ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.